Wíwò Náà Wà Nínú Ìwòsàn

Gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa léraléra, ní ilé ìwòsàn dókítà ẹbí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọ, àti lórí fóònù pàápàá. Gbólóhùn náà ni: "A lọ rí dókítà, kò fún wa ní nǹkan kan."

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ìyá ọmọ ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n ti jókòó pẹ́ kí wọ́n tó pè wọ́n wọlé. Dókítà wo etí ọmọ, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó fetí sí àyà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fún un ní paracetamol, kí ó máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì padà wá tí nǹkan bá yí padà. Ó parí. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìwé oògùn, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ló bá di pé wọ́n ń bínú lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ìtọ́jú tó dára jù lọ ni kí dókítà má fúnni ní nǹkan kan. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fojú kéré wa. Méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ o. Òbí tí kò bá mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì á jà níbi tí kò sí ìjà, á sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti pariwo.

Ibi tí a ti kó èrò yìí wá

Kò yẹ ká fi àwọn òbí wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Nàìjíríà, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń san owó ilé ìwòsàn: owó káàdì, owó àyẹ̀wò, owó oògùn. Ẹni tó ti sanwó tó tún padà sílé lọ́wọ́ òfo, á gbà pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibà tí àwọn òbí wa bá jà kì í ṣe ibà eré. Ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni lè gbé ọmọ kékeré lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìyá tí kò dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, tó sáré wá oògùn, ọlọ́gbọ́n ìyá ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Èrò yẹn bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń bá páálí Ampiclox nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé wa, èyí tí ẹnì kan bá wa mú bọ̀ láti Èkó, tí a ti lo ìdajì rẹ̀, tí a wá fi ìyókù pamọ́ de ọjọ́ tí ẹlòmíì á tún húkọ́.

Gbòǹgbò kejì, ìlú òyìnbó níbí ló ti hù. Àwọn aláwọ̀ dúdú ti rí ìgbà tí wọ́n ké ìrora tí wọn kò rí ẹni gbà wọ́n gbọ́. Ní 2021, ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìròyìn jáde lórí ìtọ́jú àwọn tó ní sickle cell, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ni wọn kò tọ́jú bó ṣe yẹ ní wọ́ọ̀dù, pé wọn kì í tètè fún wọn ní oògùn ìrora, àti pé ẹ̀tanú sí àwọ̀ ara wà lára ohun tó fà á. Nítorí náà, tí bàbá kan bá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ kò nílò oògùn, tí ọkàn rẹ̀ wá ń bi í pé, "Ṣé bí wọ́n á ṣe sọ fún òyìnbó náà nìyí?", ìbéèrè gidi ni. A kò lè fi ọwọ́ gbá a dànù.

Àwọn dókítà fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà

Ní 2012, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Choosing Wisely. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ dókítà kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, kí wọ́n sì kọ àwọn àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe aláìsàn lóore. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹbí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé tiwọn jáde. Ẹ̀yìn ríro ló ṣáájú nínú ohun tí wọ́n kọ: wọ́n ní kí dókítà má ya àwòrán ẹ̀yìn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́, àfi tí àmì ewu bá wà. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ríro máa ń lọ fúnra rẹ̀, àwòrán kì í sì mú kó tètè lọ. Canada bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2014, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé wọn ní 2016.

Àwọn kan á ní, "Ẹ gbọ́ tiyín, ọgbọ́n láti dín owó ìjọba kù ni." Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, gbogbo wa la mọ̀ pé owó kò tó NHS. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, bí àyẹ̀wò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ń wọlé fún dókítà àti ilé ìwòsàn. Àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀ ló jáde sọ pé ó ti pọ̀ jù. Tí ìyá ọlọ́jà bá sọ fún yín pé kí ẹ má ra ọjà òun tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ó yẹ kí ẹ dúró gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ikọ́, etí àti ọ̀fun

Ikọ́, ọ̀fìnkìn, etí dídùn àti ọ̀fun dídùn wà lára ohun tó ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ wa jù. Fáírọ́ọ̀sì ló sì ń fa púpọ̀ nínú wọn. Oògùn apakòkòrò tí gbogbo wa ń pè ní antibiotics kì í pa fáírọ́ọ̀sì rárá, báktéríà ló ń bá jà. Tí a bá fún ọmọ tó ní ọ̀fìnkìn ní amoxicillin, ọ̀fìnkìn náà á lọ ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ, àwa á sì máa sọ pé oògùn ló lé e. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Kì í kúkú ṣe àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ òbí ni pé a kò mọ iye ọjọ́ tó yẹ kí àìsàn kọ̀ọ̀kan lò. NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún England, sọ ọ́ kedere. Etí dídùn máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 3, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 1. Ọ̀fun dídùn máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 1. Ikọ́ lè lo ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti ikọ́ kà. Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí a ti ń sọ pé "oògùn òyìnbó ibí yìí kò lágbára", ara ọmọ kò tíì rin ìdajì ọ̀nà.

Mi ò sọ pé apakòkòrò kò wúlò o. Tí báktéríà bá wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tàbí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, oògùn yẹn ló ń gba ẹ̀mí là. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 tí etí rẹ̀ méjèèjì ń dùn ún, tàbí ọmọ tí nǹkan ń ṣàn jáde létí rẹ̀, dókítà lè rí ìdí láti kọ ọ́ fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé oògùn tí a kò nílò máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Ó lè mú ìgbẹ́ gbuuru wá, tàbí èébì, tàbí kí ara ọmọ máa sú. Lẹ́yìn ìyẹn, báktéríà tó bá ń bá oògùn kan pàdé lemọ́lemọ́, tí kò sì kú tán, á di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́. Alexander Fleming tó ṣàwárí penicillin ní 1928 kìlọ̀ nípa rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ní 1945. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ní 2019 nìkan, èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 ló kú káàkiri ayé nítorí àkóràn tí oògùn kò ràn mọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n sì fi iye tó kú wé iye èèyàn tó ń gbé ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló burú jù. Ilé wa nìyẹn, ibi tí Màmá àti Bàbá ṣì ń gbé.

Oògùn ikọ́ olómi ńkọ́? Láti 2009 ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ọ̀pọ̀ oògùn ikọ́ àti ọ̀fìnkìn tí à ń rà ní kẹ́míìsì kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú oyin díẹ̀ lè tu ọ̀fun lára, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 ní oyin rárá.

Àyẹ̀wò máa ń bí àyẹ̀wò

Àwọn míì á ní, "Ti oògùn yé wa. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kì í pa èèyàn. Kí wọ́n kàn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọkàn wa balẹ̀." Ọkàn kì í fìgbà gbogbo balẹ̀. Àyẹ̀wò lè rí nǹkan tí kò ní pa èèyàn lára láéláé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rí i, ta ló fẹ́ fojú fò ó? Á di àyẹ̀wò kejì, á di ẹ̀kẹta, á di abẹ. Orí bíbẹ́ sì kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní South Korea. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ultrasound wo ọrùn àwọn tí ara wọn le koko, bóyá wọ́n á rí jẹjẹrẹ nínú thyroid, ẹṣẹ́ kékeré tó wà ní iwájú ọ̀fun. Wọ́n rí i lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di 2011, iye àwọn tí wọ́n ń sọ fún pé wọ́n ní in ti di ìlọ́po 15 iye ti 1993. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n sì ń lo oògùn títí ọjọ́ ayé wọn. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí jẹjẹrẹ náà ń pa kò yí padà. Ohun tí wọ́n ń wá jáde, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní pa ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Lónìí, àwọn ilé àyẹ̀wò ní Èkó àti Ìbàdàn ń ta àyẹ̀wò gbogbo ara, àwa ọmọ tó wà lókè òkun la sì ń sanwó rẹ̀ fún Màmá nígbà Kérésì. Ìfẹ́ ló mú wa ṣe é. Ṣùgbọ́n tí owó náà bá mọ níwọ̀n, ohun tó máa ń ṣe àgbàlagbà lóore jù kò wọ́n: kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ déédéé, kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wo ojú rẹ̀, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ má sì tán nílé.

Àpẹẹrẹ kejì tí gbogbo wa mọ̀ ni "malaria àti typhoid". Ẹnì kan ní ibà, wọ́n ṣe àyẹ̀wò Widal, wọ́n ní typhoid wà níbẹ̀. Láti 1896 ni àyẹ̀wò yìí ti wà. Kì í wá kòkòrò typhoid fúnra rẹ̀, ohun tí ara fi bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ṣe àìsàn náà sẹ́yìn. Nítorí náà, àyẹ̀wò Widal kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé typhoid ló ń ṣe ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ọ́ dájú jù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá kòkòrò náà máa hù nínú rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ, àwòrán CT ni mo máa ń rí tí òbí ń béèrè jù nígbà tí ọmọ bá ṣubú tó forí gbá nǹkan. Ìtànṣán inú CT pọ̀ ju ti X-ray lásán lọ fíìfíì, ara ọmọ tó ń dàgbà kò sì fẹ́ ẹ. Ní 2009, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ tó lé ní 42,000 tí wọ́n forí gbá nǹkan. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti mú ìlànà jáde tí dókítà lè fi mọ àwọn ọmọ tí ewu wọn kéré débi pé kò sí ìdí fún CT. Tí dókítà bá bi yín pé ṣé ọmọ dákú, ṣé ó ń bì, báwo ló ṣe ṣubú, tó sì wo orí rẹ̀ dáadáa, àyẹ̀wò ló ń ṣe yẹn. Ojú àti ìmọ̀ ló fi ń ṣe é.

Àwọn tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀

Mo ti sọ pé ìgbà míì wà tó yẹ ká pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ wọ́n kedere.

Ọmọ tó bá ní ibà lẹ́yìn tó ti Nàìjíríà dé, àyẹ̀wò malaria ni lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la. Bó bá tilẹ̀ ti pé oṣù mélòó kan tí ẹ ti dé, títí dé ọdún 1, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ pé ẹ lọ sílé. Ọmọ tí a bí síbí kò ní ohun tí ara fi ń bá malaria jà, tiwa tí a dàgbà síbẹ̀ náà sì máa ń dín kù tí a bá ti kúrò níbẹ̀ pẹ́. Mo mọ ìyá kan tí wọ́n sọ fún lórí fóònù pé fáírọ́ọ̀sì tó ń jà ká ni. Ó ní, "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n Èkó la ti dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo béèrè àyẹ̀wò malaria, ẹ kò sì ṣe é." Wọ́n ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Malaria ni. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì gbà kí wọ́n lé òun lọ.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò sí nínú gbogbo ohun tí mo sọ nípa dídúró. Ibà lára ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Penicillin tí wọ́n ń fún un lójoojúmọ́ láti ìgbà tó wà lọ́mọ oṣù díẹ̀ kì í ṣe oògùn àṣejù, ààbò ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gún ní gìgísẹ̀ ọmọ jòjòló ní nǹkan bí ọjọ́ 5 ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ má kọ̀ ọ́, kí ẹ sì rí i pé ẹ gbọ́ èsì rẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tí ara rẹ̀ gbóná dé 38 lórí ẹ̀rọ, ẹ gbé e lọ kíá. Bákan náà ni ọmọ tó ń mí gúlegúle, ọmọ tí a kò lè jí dáadáa, ọmọ tí kò tọ̀ fún wákàtí 12.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwòrán tí wọ́n ń fi kọ́ òbí, ara òyìnbó ni wọ́n ti yà á. Lára ọmọ wa, èlà tí kì í parẹ́ tí a bá fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ lè ṣòro láti rí. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ àti àjà ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín pé ṣé ètè rẹ̀ ti yí padà, ẹ wo ahọ́n rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá náà, tiyín nìyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 4, a máa rí 1 tí wọ́n máa sọ fún nígbà ayé rẹ̀ pé ó ní jẹjẹrẹ prostate. Láàárín gbogbo ọkùnrin lápapọ̀, 1 nínú 8 ni. Àyẹ̀wò PSA ní àǹfààní, ó sì ní ewu, torí ó lè rí jẹjẹrẹ tí kò ní da ẹni náà láàmú láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewu tiwa bá ti tó ìlọ́po méjì ti gbogbo gbòò, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi "kò pọn dandan fún gbogbo èèyàn" dá bàbá yín lóhùn láìjókòó bá a sọ ọ́. Ohun tí kò pọn dandan fún ẹnì kan lè pọn dandan fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè márùn-ún

Báwo wá ni òbí ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ìbéèrè mẹ́rin ni Choosing Wisely ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lé aláìsàn lọ́wọ́. Èmi fi ìkarùn-ún kún un.

Àǹfààní wo ni àyẹ̀wò tàbí oògùn yìí máa ṣe fún ọmọ mi?
Ewu wo ló wà níbẹ̀?
Ṣé ọ̀nà míì wà?
Tí a kò bá ṣe nǹkan kan ńkọ́?
Kí ni mo máa rí tí mo fi máa mọ̀ pé ó yẹ kí n padà wá, ọjọ́ mélòó ni kí n dúró, ta ni kí n sì pè ní òru?

Wọ́n tọ́ àwa kan dàgbà pé a kì í bi àgbà ní irú ìbéèrè báyìí, àfojúdi ni. Ṣùgbọ́n abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ohùn pẹ̀lẹ́ la ó fi bi í, a ó sì dúró gbọ́ èsì.

Ìbéèrè wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ lọ́nà méjì. Tí dókítà bá fẹ́ fún yín ní ohun tó pọ̀ jù, mẹ́rin àkọ́kọ́ á mú un tún inú rò. Tó bá sì ní kò sí ohun tí ẹ nílò, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló máa fi hàn bóyá ó wo ọmọ yín lóòótọ́. Dókítà tó wò ó dáadáa á sọ ohun tó rí, á sọ ohun tó ń retí, á sì sọ ìgbà tí ẹ máa padà: "Etí rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni. Tó bá di ọjọ́ kẹta tó ṣì ń dùn ún, tàbí tí nǹkan bá ń ṣàn jáde, ẹ padà wá." Ìtọ́jú nìyẹn. Ẹni tí kò kúrò lórí "fáírọ́ọ̀sì ni, ẹ máa lọ", tí kò sì lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kí ó kọ ìbéèrè yín àti èsì rẹ̀ sínú ìwé ọmọ, tàbí kí ẹlòmíì bá yín wò ó. Láti 2024, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ní England ti ń lo Martha's Rule, tó fún ẹbí láyè láti pe àwọn dókítà míì ní kíákíá tí ọkàn wọn kò bá balẹ̀ sí bí aláìsàn wọn tó wà ní wọ́ọ̀dù ṣe ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ Màmá

Ó ku Màmá. Tí Màmá bá wà nílé tí ọmọ ń húkọ́, kò sí ìlànà NICE tó máa mú un dákẹ́. Ẹ má sì sọ fún un pé ayé ti kọjá tiwọn. Ẹ rán an létí ohun tóun náà mọ̀. Ní àárín 1985 sí 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà àwọn ọmọdé, ni mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà. Nígbà náà ni wọ́n kọ́ àwọn ìyá pé ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru nílò omi tí a pò mọ́ iyọ̀ àti ṣúgà ní ìwọ̀n, pé lọ́pọ̀ ìgbà kò nílò apakòkòrò. Oògùn kékeré, nínú ilé, lọ́wọ́ ìyá. Màmá yín lè ti pò ó rí. Lónìí, èyí tí wọ́n ti wọ̀n sínú sáṣẹ́ẹ̀tì ní kẹ́míìsì ló dára jù, torí ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣì.

Ẹ tún fún un níṣẹ́. Ẹ gbé ìwé àti bíírò fún un: kó máa kọ iye ìgbà tí ọmọ mu omi, iye ìgbà tó tọ̀, àti bí ara rẹ̀ ṣe gbóná sí láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí ẹ bá padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìwé yẹn á sọ ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan kò lè sọ.

Kí ẹ sì bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa. Ìyá ń wo ọmọ. Dókítà ń wo aláìsàn. Wọ́n wò ó, ó sì sàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, "wò", nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì wà nínú "ìwòsàn". Àwọn tó sọ orúkọ yìí fi ojú tó ń ṣọ́ aláìsàn sínú rẹ̀ pẹ̀lú ewé àti egbò. Dókítà tó ní ká máa wo ọmọ kò tíì kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀, tó bá ṣáà ti sọ ohun tó yẹ ká máa wò fún wa.

Ní Sátidé yìí, ẹ kó gbogbo apakòkòrò tó kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ fún kẹ́míìsì, wọ́n máa ń gbà á padà. Ẹ má dà á sí ṣáláńgá, ẹ má sì dà á sínú síǹkì. Kí ẹ wá kọ ìbéèrè márùn-ún yẹn sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí páálí náà wà tẹ́lẹ̀.